Ṣé òótọ́ ni pé DNA tí a gbà lọ́wọ́ ìyá ló ń pinnu bí aláìsàn jẹjẹrẹ yóò ṣe pẹ́ tó?

Ọmọ Ìdènà (Kétu) — Ọjọ́ Ajé, aago 8:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa ní Àjàṣẹ́, ní Sábẹ, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ kan délé wa tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 46. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ti gba ṣímíò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tán. Àyẹ̀wò àtìgbàdégbà ló kù báyìí. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń gbé ní Kánádà ra ohun èlò àyẹ̀wò ìran lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tutọ́ sínú ìgò, ó fi ránṣẹ́, wọ́n sì kọ̀wé padà sí i pé ẹ̀ka ìran ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní L2a. Títí débẹ̀, eré ni a fi pè.

Àfi bí ọmọ náà ṣe tún ka ìwé kan tó sọ pé ìyàtọ̀ inú DNA mitokọ́ńdíríà máa ń kan bí aláìsàn jẹjẹrẹ ṣe ń pẹ́ láyé sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí àrùn náà, tó sì fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ pé àrùn ìyekan ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Kétu wa, níbi tí a ti ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ júbà àwọn ìyá, bí ẹnìkan bá ní nǹkan burúkú ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, ohun tó ń sọ ju ohun tó fẹnu sọ lọ. Ìyá wa, ẹni ọdún 71, kò jẹun dáadáa mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá òótọ́ wà nínú ohun tí ọmọ náà kà, àti bóyá ó yẹ kí a wá owó fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò DNA náà.

Olùkọ́ Sábẹ — Ọjọ́ Ajé, aago 9:02 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú o, Ọmọ Ìdènà. Ọlọ́run yóò fún ẹ̀gbọ́n wa ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí n mú apá tó rọrùn, torí pé òun ni mo fi ń jẹun. Oríṣi DNA méjì, ìyẹn ìwé ìlànà tí a fi lẹ́tà kẹ́míkà kọ, ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa. Èyí tó pọ̀ jù wà nínú kóró sẹ́ẹ̀lì. Ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá, lẹ́tà inú ìdajì kọ̀ọ̀kan sì tó bílíọ̀nù 3. Èyí tó kéré wà nínú mitokọ́ńdíríà, ìyẹn àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń fi afẹ́fẹ́ tí a mí símú àti oúnjẹ tí a jẹ ṣe agbára fún sẹ́ẹ̀lì. Ó rí bí òrùka, lẹ́tà rẹ̀ kò ju 16,569 lọ, jíìnì rẹ̀, ìyẹn apá tó ní ìlànà iṣẹ́ kan nínú, kò sì ju 37 lọ. Mẹ́tàlá nínú wọn ń ṣe púrótéènì tí ẹ̀rọ agbára náà ń lò. 24 yòókù ń ṣiṣẹ́ fún àwọn mẹ́tàlá náà. Ní Cambridge ni wọ́n ti ka gbogbo lẹ́tà òrùka náà tán ní 1981. (ADN ni a ń kọ sójú pátákó níbí, mo kọ DNA kí àwọn ará Nàìjíríà tó wà láàárín wa má bàa rò pé nǹkan mìíràn ni.)

Mitokọ́ńdíríà tó wà nínú ẹyin obìnrin ni ọmọ ń gbà. Ti inú àtọ̀ bàbá máa ń di píparun kété tó bá ti wọ inú ẹyin. Bí a bá ní kí a fi ọ̀rọ̀ ẹbí wa pè é, DNA yìí kò ní ọbàkan rárá. Ìyekan pọ́ńbélé ni. Ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n yín, ìyá yín àti ọmọkùnrin tó wà ní Kánádà, òrùka kan náà ni gbogbo yín gbé sára, àmọ́ ọmọ tí ọmọkùnrin náà bá bí, ti ìyàwó rẹ̀ ni yóò gbà. Ní ti L2a, ẹ̀ka tó wọ́pọ̀ gan-an ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. L2 àti L3 ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìjíròrò yìí. Orúkọ ìran ni, kì í ṣe orúkọ àrùn.

Ilé-Àyẹ̀wò Àjàṣẹ́ — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:40 àárọ̀

Olùkọ́ ti la ọ̀nà fún mi. Ilé àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi kì í ṣe dókítà, nítorí náà ohun tí mo bá sọ níbí kò rọ́pò ohun tí dókítà ẹ̀gbọ́n yín bá sọ.

Ohun tí ọmọ yín kà kì í ṣe irọ́. Ibi tó ti ṣì í ni pé ohun méjì tí ń jẹ́ orúkọ kan ló pa pọ̀. Èkínní ni ìyàtọ̀ tí a bí mọ́ ènìyàn, èyí tó wà nínú gbogbo ara rẹ̀ láti inú oyún, tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ náà sì ní. Òun ni àyẹ̀wò itọ́ ń rí. Èkejì ni àyípadà tó ṣẹlẹ̀ nínú kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, nígbà tí kókó náà ń dàgbà. Ẹnikẹ́ni kò bí i mọ́ aláìsàn, kò sí nínú itọ́, ẹ̀jẹ̀ ìyá yín kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀, kò sì lè kọjá sára ọmọ. Àwọn ìwádìí tó ṣe pàtàkì jù lórí bí aláìsàn ṣe ń pẹ́ sí, inú kókó ni púpọ̀ nínú wọn ti wò.

Bí àyípadà inú kókó ṣe ń wáyé ni mo fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀. Òrùka DNA yìí kì í ṣe ẹyọ kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó sì lè lé ní ẹgbẹ̀rún. Ó wà nítòsí ibi tí iná ẹ̀rọ agbára ti ń jó gan-an, ohun tí ń tún àṣìṣe ṣe kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ti inú kóró, nítorí náà àṣìṣe máa ń yára wọ̀ ọ́. Bí ẹyọ òrùka kan bá yí padà, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo igbá ẹ̀wà funfun tí ẹ̀wà pupa kan bọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín tó ń tún pín, ẹ̀wà pupa lè máa pọ̀ sí i títí yóò fi borí igbá, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà yóò tó yí padà. Nítorí náà, kò tó kí onímọ̀ sọ pé àyípadà wà. Ó gbọ́dọ̀ sọ iye tó jẹ́ nínú igbá.

Ní 1998, àwọn onímọ̀ kan ní Baltimore yẹ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá oríṣi 10 wò, wọ́n sì rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ nínú 7. Ní 2020, àwọn mìíràn tẹ àkójọ àyẹ̀wò kókó 2,658 jáde, láti inú oríṣi jẹjẹrẹ 38. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti àbá.

Ìyá Wàndó (Àjàṣẹ́) — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:25 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàyè gbà mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Èmi náà ti gba ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìdènà ń gbà yìí. Ó pé ọdún méje báyìí tí mo gba ṣímíò tèmi, mo sì ń tajà mi ní Wàndó lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìran ìyá mi nígbà náà.

Ìbéèrè mi ni èyí: bí ẹ ṣe sọ pé mitokọ́ńdíríà ni ẹ̀ńjìnnì, bí ẹ̀ńjìnnì inú kókó bá wá bàjẹ́, ṣé kò yẹ kí kókó náà kú dànù ni? Ẹ̀rọ ọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, lọ́jọ́ tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ bá kọṣẹ́, àgbàdo kì í lọ̀.

Ilé-Àyẹ̀wò Àjàṣẹ́ — Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:50 alẹ́

Ìyá wa, ẹ kú ewu o. Ìbéèrè yín gan-an ló gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ Otto Warburg, ará Jámánì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1931. Láti àwọn ọdún 1920 ló ti rí i pé kókó jẹjẹrẹ máa ń jẹ ṣúgà ní àjẹjù, tó sì ń lò ó bí ìgbà tí kò sí afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ wà. Ó parí èrò sí pé mitokọ́ńdíríà ló bàjẹ́. Lónìí a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ: mitokọ́ńdíríà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì tún ń pèsè ohun ìkọ́lé tí kókó fi ń dàgbà.

Nínú àwọn tí àyípadà ti wọ̀, ibi tó bàjẹ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ náà pín sí ìpele márùn-ún. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ New York àti Glasgow tẹ̀ jáde ní 2021 fi hàn pé ìpele kìíní ni àyípadà tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ máa ń pọ̀ sí jù, nígbà tí ìpele karùn-ún, níbi tí agbára ti ń jáde gan-an, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní irú rẹ̀. Kókó tí karùn-ún rẹ̀ bá bàjẹ́ kì í pẹ́ láyé tí a ó fi rí i. Ìyẹn ni pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ọlọ yín, bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ọlọ ti ń yí gan-an ló kọṣẹ́.

Ní ti bí aláìsàn ṣe ń pẹ́ sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ẹlẹ́nu púpọ̀. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Faransé wo jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Apá òrùka tí kì í ṣe jíìnì, níbi tí ẹ̀dà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n dojú kọ. Àwọn tí kókó wọn ní àyípadà níbẹ̀ kò pẹ́ láyé tó àwọn yòókù. Ìwádìí 2021 tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá kan náà, wo inú àwọn jíìnì fúnra wọn. Ó rí i pé àwọn tí jíìnì mitokọ́ńdíríà ti bàjẹ́ nínú kókó wọn pẹ́ láyé jù. Ẹ rí i pé ẹ̀yà ara kan náà ni, òrùka kan náà ni, èsì yàtọ̀, torí pé ibi tí wọ́n wò lórí òrùka yàtọ̀, àwọn aláìsàn yàtọ̀, ìtọ́jú ìgbà náà sì lè yàtọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní Japan, ní 2008, wọ́n pààrọ̀ òrùka láàárín sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ eku méjì, agbára láti ràn ká ara sì bá òrùka lọ: èyí tí kì í ràn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ràn. Nínú kíndìnrín ènìyàn ẹ̀wẹ̀, irú kókó kan wà tí mitokọ́ńdíríà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí ìpele kìíní rẹ̀ sì sábà máa ń bàjẹ́, síbẹ̀ kókó jẹ́jẹ́ ni, kì í sábà pa ènìyàn. Ní 2024, ìwádìí lórí mẹlanómà, irú jẹjẹrẹ awọ ara kan, fi hàn pé kókó tí irú àyípadà yìí ti borí igbá rẹ̀ a máa gbọ́ràn sí oògùn tó ń jí àwọn ọmọ-ogun ara dìde sí jẹjẹrẹ. Nínú eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì rí ohun tó jọ ọ́ nínú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Ẹni tó bá wá sọ fún yín ní gbólóhùn kan pé àyípadà mitokọ́ńdíríà ń pa aláìsàn tàbí ó ń gbà á là, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: jẹjẹrẹ wo, ibo lórí òrùka, mélòó nínú igbá, oògùn wo?

Olùkọ́ Sábẹ — Ọjọ́rú, aago 7:15 àárọ̀

Mo dúpẹ́, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ ti fo apá kan. Ẹ ní inú kókó ni ọ̀rọ̀ wà, kò sì sí nínú ohun tí a bí mọ́ni. Mo rántí pé mo kà á pé lẹ́tà kan tí a ń jogún, ní ipò 10398 lórí òrùka, ni wọ́n fi so mọ́ jẹjẹrẹ ọyàn lára àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn kò ha kan ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìdènà? Bí a bá fẹ́ tù ènìyàn nínú, kò yẹ kí a fi òótọ́ pamọ́.

Ilé-Àyẹ̀wò Àjàṣẹ́ — Ọjọ́rú, aago 10:05 alẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá. N kò sọ pé ohun àbímọ́ kò ní iṣẹ́ kankan. Mo ní àwọn ìwádìí tó ṣe pàtàkì jù, inú kókó ni púpọ̀ nínú wọn ti wò. Àmọ́ mo gbà pé mo fò ó.

Òótọ́ ni pé ìwádìí kan jáde ní 2005 lórí 10398. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e, tí ènìyàn inú wọn pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wá ohun náà tì. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i, ta ni jẹjẹrẹ yóò mú ni ìwádìí náà ń bi. Kò bi bí ẹni tó ti mú yóò ṣe pẹ́ tó. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ kí n máa fura sí ìwádìí tó bá so ẹ̀ka ìran ìyá mọ́ ikú tàbí ìyè. Ẹ̀ka ìran máa ń bá ibi tí ènìyàn ti wá lọ, ibi tí ènìyàn ti wá sì máa ń bá owó, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn lọ. Bí àwọn ẹlẹ́ka L bá kú ju àwọn ẹlẹ́ka H lọ ní ìlú kan, ó ṣeé ṣe kí òrùka má mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ìkejì, àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àkójọ DNA jẹjẹrẹ tí ayé ń lò. Àwa ẹlẹ́ka L kò pọ̀ níbẹ̀ tó láti fìdí nǹkankan múlẹ̀ nípa wa. Òrùka tí wọ́n kà ní Cambridge tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n pàápàá, òrùka ẹ̀ka H, ti Yúróòpù, ni. Ẹni L2a tó bá gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò rí ìyàtọ̀ lọ́pọ̀ ibi, ìwé èsì rẹ̀ yóò sì gùn, ẹni tí kò mọ̀ á sì máa gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ jíjìnnà sí ará Yúróòpù kan lásán ni ìwé náà ń sọ.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan tó mọ igi ìran ìyá dunjú tún èsì àwọn mìíràn yẹ̀ wò, àwọn tó ní àwọn rí àyípadà púpọ̀ nínú kókó. Wọ́n rí i pé nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n pè ní àyípadà kò jẹ́ nǹkankan ju ẹ̀ka ìran ẹlòmíràn lọ: ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ni wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó ẹlòmíràn, tàbí kí ti ẹnìkan ta sí ti ẹnìkejì. Èmi tí mo ń fi ọwọ́ mi lẹ orúkọ mọ́ ìgò lójoojúmọ́, n kò lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì Kétu — Ọjọ́bọ̀, aago 5:30 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìṣọ́ òru dé ni. Ohun kan tí a bí mọ́ni lórí òrùka yìí wà tó yẹ kí àwa nọ́ọ̀sì máa rántí: ipò 1555. Láti 1993 ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tó bá jogún àyípadà níbẹ̀ lè dití bí a bá gún un ní abẹ́rẹ́ bíi jẹntamáísìnì. Nítorí náà, òrùka ìyá lè yí iṣẹ́ oògùn padà lóòótọ́, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ pẹ̀lú èrò pé kò ṣe nǹkankan. Àmọ́ ní ti jẹjẹrẹ ọyàn, kò sí òfin ìtọ́jú kankan tó ní kí dókítà wo òrùka yìí kí ó tó yan oògùn, nítorí náà owó tí ẹ fẹ́ fi rán ẹ̀jẹ̀ lọ sókè òkun, ẹ má tíì ná an.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ìwé àyẹ̀wò kókó tí wọ́n gé. Báwo ni kókó ṣe tóbi tó? Ṣé ó dé inú abíyá? Ṣé ó ń gbọ́ ti họ́mọ́ònù, ìyẹn ni pé họ́mọ́ònù obìnrin ń mú un dàgbà? Ṣé HER2, púrótéènì kan tó ń mú kókó dàgbà, pọ̀ lára rẹ̀? Ìdáhùn ìwọ̀nyí ló ń sọ oògùn tó kàn, wọ́n sì ń sọ bí ènìyàn ṣe lè pẹ́ sí ju L2a lọ fíìfíì. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń gbọ́ ti họ́mọ́ònù, oògùn oníhóró ojoojúmọ́ wà tí a máa ń mu fún ọdún 5 ó kéré tán, àwọn kan sì máa ń dá a dúró nígbà tí ara bá ti yá. Ẹ má jẹ́ kó dá a dúró.

Ẹ tún bá mi sọ fún àwọn ará ilé ọkọ pé jíìnì àjogúnbá tí a mọ̀ dájú jù nínú jẹjẹrẹ ọyàn, BRCA1 àti BRCA2, inú kóró ni wọ́n wà, kì í ṣe inú mitokọ́ńdíríà. Ọkùnrin ń gbé e, ọkùnrin sì ń fi í fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí nǹkan bá tilẹ̀ wà nínú ẹbí, ó lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ jù nínú àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọyàn kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ìdènà (Kétu) — Ọjọ́ Àìkú, aago 4:45 ìrọ̀lẹ́

Mo kí gbogbo yín. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán òní ni mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè nílé, lójú ìyá wa àti lójú àwọn ará ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti ní ó lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá, ẹnìkan níbẹ̀ wú ikọ́ tí kò ní òtútù nínú. Ìyá wa ní kí n tún ibẹ̀ kà.

A ti rí ìwé àyẹ̀wò kókó náà nínú àpò ìwé rẹ̀: ó ń gbọ́ ti họ́mọ́ònù. Wọ́n kọ oògùn oníhóró fún un lóòótọ́, ó sì ti tó oṣù méjì tó ti fi í sílẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ń gbóná lóru. A ó lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kò béèrè ohunkóhun nípa L2a. Ohun kan ṣoṣo tó ní kí n bi yín ni ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún 29: ìgbà wo ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọyàn?

Nọ́ọ̀sì Kétu — Ọjọ́ Àìkú, aago 8:20 alẹ́

Ẹ sọ ti ara gbígbóná náà fún dókítà. Oògùn náà ló ń fà á, ọ̀nà sì wà láti dín in kù láìfi oògùn sílẹ̀. Ní ti ọmọ náà, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀lé ni kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ìyá. Ìyá jẹ́ 46, ó di 36 fún ọmọ. Kí ó tó dìgbà náà, bí ó bá fọwọ́ kan kókó kankan, kí ó wá lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ Ìdènà (Kétu) — Ọjọ́ Àìkú, aago 8:34 alẹ́

Ó ti kọ 36 sẹ́yìn káàdì ìyá rẹ̀.